Ìlànà fún Òpònú Tó Fẹ́ Gbé Ọmọ Kékeré Relé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òpònú náà mọ òwe yìí; ó tilẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp. Ohun tí òwe náà kò sọ ni bí onílé á ṣe relé nígbà tó jẹ́ pé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, Ìbàdàn ni ilé, ó sì ní ọmọkùnrin kan tó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì, èyí tó máa ń yí gbiri nílẹ̀ bí wọ́n bá fi ife aláwọ̀ ewé bu omi fún un dípò ife pupa. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìlànà yìí. Ẹni tó bá gbọ́n kó wá nǹkan mìíràn kà. Ìwọ òpònú, sún mọ́ mi.

Oṣù Kejìlá ni kí o mú. Má wo oṣù mìíràn rárá. Oṣù Kejìlá ni owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń gun òkè àjà, òun náà ni gbogbo ará òkè òkun ń rọ́ wálé, tí òpópónà Èkó ń dí pa láti àárọ̀ títí di òru. Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé oṣù Kẹta dára. Má dá a lóhùn. Ní oṣù Kẹta, tíkẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀, òde ìyàwó kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, màmá rẹ á sì ráyè jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ó kan tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, orí itan òbí ló ń jókòó, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá owó àgbà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù sì ń gbà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá pé ọdún méjì géérégé, ó di èrò, ó gbọ́dọ̀ ní àga tirẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ọmọ bá ṣe ọjọ́ ìbí yìí ní Ìbàdàn, orí itan ló bá lọ, orí àga ló gbọ́dọ̀ bá bọ̀. Òpònú tó mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í ka ibi tí wọ́n kọ èyí sí. Ó ra itan ní àlọ, ó ra itan ní àbọ̀, ó gbára lé e pé ọmọ òun kéré lójú. Ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, lọ́jọ́ tí ẹ ń padà, arábìnrin tó ń yẹ ìwé wò á ṣí pásípọ́ọ̀tù, á ka ọjọ́ ìbí, á gbójú sókè wò ọ́. Ìgbà náà ni kí o rẹ́rìn-ín, kí o ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹni ọdún méjì lèyí?” Kí ọmọ náà sì na ìka méjì sókè, kó fayọ̀ kígbe pé, “I'm two!” Àwọn tó tò sẹ́yìn yín á gbádùn rẹ̀ gan-an.

Pásípọ́ọ̀tù wo ló máa lò? Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìsọ̀rí 25, sọ ọ́ gbangba: ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà, kódà bí òkè òkun ni wọ́n bí i sí. Ogún rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí o gbà fún un, kí o wá san owó físà fún ọmọ tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé, sọ pé o kò ráyè lọ tò. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ti ọmọdé ń lo ọdún márùn-ún kó tó kú, ìtò ọjọ́ kan sì ni; ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ òpònú. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń gbé ọmọ lọ, má gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda kankan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè fúnra wọn rò ó wò bóyá o jí i gbé ni.

Ní ti àìsàn, ọkàn rẹ balẹ̀. Ìbàdàn lo dàgbà sí, ẹ̀fọn ti jẹ ọ́ títí ó fi sú u, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní Lewisham ti jogún agbára yẹn lára rẹ, òun àti imú. Àwọn dókítà ní irọ́ ni. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun kò ní ààbò kankan sí ibà, pé ìwọ alára, bí o bá ti pẹ́ níbẹ̀, ààbò tìrẹ ti ń ṣá. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ oògùn kó tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kó máa lò ó nìṣó lẹ́yìn tó bá padà dé, kó sì máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn. Wọ́n tún ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ń bẹ, pé ọmọ ti lè gbà á láti oṣù mẹ́sàn-án, àti pé láti ọdún 2016, ìwé rẹ̀ kì í kú mọ́ títí ayé ẹni. Ṣùgbọ́n ìwé náà kì í múlẹ̀ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí òpònú fi máa ń lọ gbà á nígbà tí ìrìn àjò bá ku ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ fún gbólóhùn kan: ibà ń pa ọmọ kékeré, kíá sì ni. Ó tán. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu ìwà òmùgọ̀ wa.

Ẹrù: kílò 23 fún báàgì kan. Kọnfíléèsì, pòmáàdì, ṣokoléètì, bàtà ọmọ ẹ̀gbọ́n, fóònù àlòkù fún ẹni tí o kò rí láti ọdún mẹ́jọ; di gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ ìpààrọ̀ ọmọ àti pámpàsì, inú báàgì tó ń lọ sí ikùn bàálù ni kí o kó wọn sí, kí ọwọ́ rẹ má baà dí. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ péré ni láti Heathrow dé Ìkẹjà. Kí ló lè ṣẹlẹ̀? Bí bàálù bá ń gbéra, tàbí tó ń balẹ̀, etí máa ń dun ọmọdé, ohun tó sì ń là á ni kó máa mu nǹkan, kó máa gbé e mì. Má fún un ní nǹkan kan. Sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún.

Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ yìí náà ni kí o fi kọ́ ọ ní Yorùbá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Gẹ̀ẹ́sì lò ń bá a sọ, torí o kò fẹ́ kó dàrú mọ́ ọn lórí. Òkè aṣálẹ̀ Sàhárà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé Ìkẹjà, ó ti yẹ kó lè sọ “Ẹ kú ilé o.”

Gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ, èyí tó wọ́n jù. Ojúde màmá rẹ kò lọ́dà, òkúta àti iyanrìn ló pàdé síbẹ̀; ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ á rì, wàá máa fà á tipátipá, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ, á fi ìró pọ̀n ọ́n, á sì ti wọlé kí o tó gbójú sókè. Àga ọmọ tí wọ́n ń so mọ́ inú ọkọ̀ ní tirẹ̀, fi í sílẹ̀ ní Peckham. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lé ní kìlómítà 120. Gbé ọmọ lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, kó lè máa wòran.

Ẹ wá dé ilé. Níbí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́, torí ibí ni wọ́n ti ń mọ ojúlówó òpònú.

Màmá á ti jókòó láti àárọ̀, á ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, á ti sọ fún gbogbo ojúlé. Bí o bá ti wọlé, ti ọmọ síwájú. “Ó yá, dọ̀bálẹ̀ fún Grandma!” Ọmọ tí kò rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ rí láyé rẹ̀ á dúró gbagidi. Tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á figbe ta. Àwọn àǹtí mẹ́fà á dá sí i, oníkálukú á fẹ́ gbé e, ọ̀kan á fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀, ọmọ á rọ̀ mọ́ ọ lọ́rùn, ìwọ á máa sọ pé, “Ẹ má dá a lóhùn, Màmá, ìwàkiwà ló ń hù.”

“Fi í sílẹ̀ jàre,” ni màmá á wí. “Àlejò ni mo jẹ́ lójú ẹ̀. Ara ẹ̀ á mọ́lé.”

Á fa ọpọ́n ègúsí rẹ̀ mọ́ra, á máa bó o, kò ní wo ọ̀dọ̀ ọmọ rárá. Á máa kùn sábẹ́nu, Àkànní, Àkànní, oríkì tó fún un lórí fóònù lọ́jọ́ ìkómọ, tí ìwọ kò fi pè é rí. Èèpo ń já sílẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, ọmọ á bọ́ sílẹ̀ lára rẹ, á sún mọ́ ọpọ́n, á mú hóró kan pẹ̀lú èèpo rẹ̀, á jù ú sínú abọ́ èyí tí wọ́n ti bó. Màmá á yọ ọ́ láìsọ̀rọ̀, á bó o, á fi í sí i lọ́wọ́. Á tún jù ú sínú abọ́. Á mú òmíràn.

Ìgbà yìí gan-an ni kí o yọ fóònù. Gbé ọmọ kúrò nílẹ̀, jù ú lé màmá lẹ́sẹ̀, kí ègúsí dà nù, “Smile! Look at Daddy!”, kí o ya fọ́tò mẹ́rìnlá, kí o wá sọ pé ẹ ní láti tètè máa lọ, torí òde ìyàwó ń bẹ ní Lẹkki lọ́la, aṣọ ẹbí sì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ méjì tó màmá. Lójú tèmi, ìdí ọpọ́n yẹn ju gbogbo òde Lẹkki lọ, ṣùgbọ́n èrò tèmi kò kàn ọ́.

Bí màmá bá gbé àgbo jáde, ọ̀nà méjì ló wà fún òpònú. Àkọ́kọ́ ni kó máa wò ó níran bó ṣe ń dà á sí ọmọ lẹ́nu. Èkejì ni kó jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn aládùúgbò, kó máa ka ohun tí Google wí fún obìnrin tó tọ́ ọmọ márùn-ún yanjú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ọ̀nà kẹta, pé kí o kúnlẹ̀ tì í, kí o ní, “Màmá, ẹ ṣeun. Dókítà ní kó má pa nǹkan kan pọ̀ mọ́ oògùn ibà tó ń lò. Ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́ dípò.” Ìwẹ̀ ìyá àgbà dùn mọ́ ọmọ lára, màmá kò sì ní bínú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni ìjà á ti wá?

Nígbà tí ẹ bá ń padà, gba kílíṣí àti ẹran díndín tó bá fún yín. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran wọlé láti Nàìjíríà. Fi pámpàsì wé e.

Bí ẹ bá ti dé Peckham, ọ̀rọ̀ ilé parí títí di oṣù Kejìlá mìíràn. Má pe màmá àfi ọjọ́ tí o bá fowó ránṣẹ́. Tó bá bẹ̀ ọ́ pé òun fẹ́ rí ọmọ, dúró dìgbà tí oorun bá ti ń kùn ún, kí o ti fóònù sí i lójú, “Say hi to Grandma!”, kó jù ú nù, kí màmá máa ṣe “Hẹ̀lóò, hẹ̀lóò” sí àjà ilé yín. Má dán an wò láé láti gbé fóònù sórí tábìlì nígbà tí ọmọ ń jẹun alẹ́, kí màmá máa ja ẹ̀fọ́ tirẹ̀ lọ́hùn-ún, kí àwọn méjèèjì kàn jọ wà níbẹ̀. Ọmọ lè mọ ohùn rẹ̀.

Ẹni tó bá bi ọ́, sọ pé ìyàtọ̀ aago ni kò jẹ́. Ṣáà máa gbàdúrà kó má lọ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni aago Nàìjíríà fi ṣíwájú ti Lọ́ńdọ̀nù, láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, ọ̀kan náà ni aago méjèèjì.