Ọjọ́ tí Mo Fi Èéfín Dá Àlejò Lára Yá

Bàbá wa ni wọ́n gbé sípíkà Wharfedale Linton méjì bọ̀ láti London nígbà tí wọ́n ń padà wálé. Gilbert Briggs ló dá Wharfedale sílẹ̀ ní 1932, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ilkley, ní agbègbè Yorkshire. Linton ní tirẹ̀ jáde ní 1965. Bàbá ti lọ, sípíkà kù. Òdòdó oníke ni Màmá ń tò sí orí wọn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò sì jáde lẹ́nu wọn mọ́. Mo wò ó, mo ní kàpásítọ̀ ló ti gbẹ. Òótọ́ sì ni. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti náwó sórí nǹkan lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣàlàyé rẹ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń jẹ́ crossover wà nínú àpótí sípíkà. Òun ló ń pín orin fún ẹni tó yẹ. Tí àpàlà bá ń lọ, agídìgbo, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wúfà, ẹnu ńlá sípíkà, ló ni ín. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń dún ṣaka lókè, tuwítà, ẹnu kékeré, ló ni ín. Kóìlì wáyà kì í jẹ́ kí ohùn òkè kọjá sọ́dọ̀ wúfà, kàpásítọ̀ kì í jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tuwítà. Kàpásítọ̀ àtijọ́ yìí, páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká pọ̀ mọ́ bébà tí wọ́n rẹ sínú omi kẹ́míkà. Bí ogójì ọdún bá ti kọjá lórí rẹ̀, omi náà a máa gbẹ, tuwítà náà a sì panu mọ́.

Mo mú àwọn tó gbẹ lọ sọ́jà. Ọmọkùnrin tó ń tà wo nọ́ńbà ara wọn, ó fún mi ní òmíràn tí nọ́ńbà wọn bára mu. Mo rí i pé tuntun ní ìlà funfun lára pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, tàtijọ́ ò ní. Mo bi í léèrè.

"Ọ̀kan náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀. 16 volt ni wọ́n kọ sí tuntun lára. Ìyẹn ni mi ò tilẹ̀ béèrè rárá.

Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. Mo tan orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lóru, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti dé! Ni mo bá pe ẹbí jọ sí ọjọ́ ìbí Màmá, pé kí wọ́n wá gbọ́ bí Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ṣe ń kọrin gan-an.

Wọ́n dé. Oúnjẹ ti délẹ̀, mo ní kí wọ́n mú sùúrù díẹ̀. Mo to àwọn kàpásítọ̀ àtijọ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e yí pálọ̀ ká bí obì ìkómọ, mo ń ṣe lẹ́kíṣọ̀. Àǹtí mi kan gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú, wọ́n bi mí bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́.

Mo wá gbé àwo orin Hárúnà, Oroki Social Club ti 1971, sórí ẹ̀rọ. Ó dùn. Orí mi wú. Bọ̀dá àgbà, ẹ̀gbọ́n Màmá, mi orí títí, wọ́n ní: "Ó dáa o. Àmọ́ agídìgbo yìí ò tíì dé àyà mi."

Mo yí i sókè. Wọ́n ní kò tíì dé. Mo tún yí i.

Nǹkan tí mi ò mọ̀ nìyí: kàpásítọ̀ tó ń dí ohùn ìsàlẹ̀ lọ́nà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fara gba agbára ohùn náà. Ańpilifáyà oní 60 watt lórí sípíkà oní 8 ohm lè ti nǹkan bíi 22 volt jáde, góńgó rẹ̀ a sì kan 31. 16 ni tèmi. Iná orin tún ń lọ, ó ń bọ̀ ni, kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Kàpásítọ̀ tó bá ní àmì ìyọkúrò, ọ̀nà kan ló mọ̀. Bí iná bá ń gba ẹ̀yìn yọ sí i, á gbóná, á wú, á bẹ́.

Ó bẹ́. Gbàù!

Bọ̀dá àgbà tí orúnkún ń dùn ni wọ́n kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Èéfín yọ, òórùn burúkú kan sì bo ìrẹsì mọ́lẹ̀. Agídìgbo tí Bọ̀dá ń retí dé lóòótọ́, ọ̀dọ̀ tuwítà ló gbà lọ. Ó han gooro lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ pátápátá. Kí n tó yọ wáyà, Àǹtí tó béèrè bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́ ti gbé korobá omi ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́, wọ́n dà á lé sípíkà lórí. Èyí tí kò bẹ́ ni wọ́n dà á lé.

Màmá wò mí. "Bàbá rẹ lo nǹkan yìí títí tó fi lọ, kò yìnbọn rí."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi Hárúnà sórí fóònù, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun. Bọ̀dá àgbà ní ti fóònù yẹn gan-an ló mọ́ létí.

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ "ọ̀kan náà ni" yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ó wà lẹ́nu àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀, ó wà lẹ́nu àwọn tó ń ta wáyà iná, ẹni tó rà á ló sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Kí ló ń ṣe ẹnu láti sọ pé "mi ò mọ̀"?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sípíkà àtijọ́ nílé, kàpásítọ̀ tí wọ́n kọ BP tàbí NP sí lára ni kẹ́ ẹ rà, kí volt rẹ̀ má dín ní 50. Èyí tó bá ní ìlà àti àmì ìyọkúrò, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ yí i sókè dáadáa. Owó kàpásítọ̀ tó tọ́ kò tó owó ẹran inú ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Tuwítà Linton tó jó ní tirẹ̀, mo ṣì ń wá a kiri.