Ọ̀gá Oníbọn Ojú Káńtà

Kò sí súpámákẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa wọ̀, láti Bódìjà dé Sùúrùlérè, tí ẹ ò ní bá Ọ̀gá Oníbọn níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ìwà kan náà ni. Láìpẹ́ yìí ló ṣì ń to bisikíìtì sórí pẹpẹ, tó ń kí gbogbo ayé kú àbọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé sikánà tó rí bí ìbọn lé e lọ́wọ́ ni ìkíni tán. Ó wá ń na ẹnu sikánà náà sí ọjà oníbàárà bí ọlọ́pàá tó dá mọ́tò tí kò ní pátíkúlà dúró.

Ẹ gbé Indomie kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó lẹ sikánà mọ́ ọn típẹ́típẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pàbó. Ó wá gbójú sókè, ó sọ gbólóhùn tí gbogbo wọn mọ̀ sórí: “Mọ̀mí, ẹ máà bínú, nẹ́tíwọ̀kì ni.”

Nẹ́tíwọ̀kì kẹ̀? Wáyà sikánà náà kò gùn ju apá lọ, ara kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ ló sì parí sí. Iná pupa ni sikánà ń tàn sára àwọn ìlà dúdú àti funfun tó wà lára ọjà. Funfun á dá iná padà, dúdú á gbé e mì, ibẹ̀ ló ti ń mọ nọ́ńbà 13 tí wọ́n kọ sábẹ́ ìlà. Á wá tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ìka ló tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, á sì sábà fi Enter tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, bí WhatsApp ni Ọ̀gá ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, olólùfẹ́ rẹ̀ ló máa gba nọ́ńbà Indomie yín.

Ohun tí sikánà ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ó jìnnà sí ọjà díẹ̀. Kí ó dagun díẹ̀, kí iná má baà kọ mọ̀nà padà sí i lójú. Kí iná náà gba orí gbogbo ìlà kọjá, títí kan àlàfo funfun tó wà lọ́tùn-ún lósì. Bí láílọ́ọ̀nù bá rún, kí èèyàn fi àtàǹpàkò nà án. Ọmọbìnrin tó ń kó ọjà sínú báàgì mọ èyí. Ó nawọ́, ó na láílọ́ọ̀nù náà, tíì! Ọ̀gá ní, “Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀, ó kàn pẹ́ kó tó wọlé ni.”

Fífi sikánà ta ọjà kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974, ní súpámákẹ́ẹ̀tì Marsh nílùú Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú ìlà yìí ta ọjà: ṣingọ́ọ̀mù Wrigley, sẹ́ńtì 67. Sharon Buchanan ni kaṣíà tó tà á. Mi ò gbọ́ pé ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rọ kankan.

Àléébù tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì Ọ̀gá Oníbọn ni ti owó. Níbi tó ti ń fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, tíì, tíì, Indomie kan ti di méjì. Bí bàbá àgbà kan bá béèrè, á ní, “Dádì, mẹ́ṣíìnì kì í parọ́.” Òótọ́ ni, mẹ́ṣíìnì kò parọ́: ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ. Bí iye orí pẹpẹ bá sì yàtọ̀ sí ti ojú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ẹ̀bi ìlà dúdú, torí kò sí owó kankan nínú rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló tẹ iye ọjà sínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ èèyàn ló sì gbàgbé láti yí i padà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ra ọjà lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ dákun, ẹ ka rìsíìtì yín tán kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.