Ẹ Bá Mi Bi Oníwáyà Léèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn oníwáyà. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí íntánẹ́ẹ̀tì dé yàrá ẹ̀yìn lọ. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ gbogbo ògiri ilé wa, tí Wi-Fi bá sì ti kan ògiri kejì, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ọmọ mi tó ń fi kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò ní gbólóhùn méjì ju “Dádì, ó tún ti lọ!” Mo ní kò burú, kí a fa wáyà. Wáyà ṣáà ni, àbí? Ẹ dúró ná.

Mo dé ọjà, ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí pé, “Dádì, Cat èwo lẹ fẹ́?” Mo ní èwo ló wà. Ló bá ń kà á bí ẹni ń ki oríkì babańlá rẹ̀: Cat 5e, Cat 6, Cat 6A, Cat 7, Cat 8. Bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè ni owó ń gòkè, tí ojú tirẹ̀ náà sì ń dán. Kò bi mí bí ilé mi ṣe gùn tó. Kò bi mí pé íntánẹ́ẹ̀tì wo ni mò ń rà. Bẹ́ẹ̀ eré mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mò ń sanwó fún lóṣooṣù, ọjọ́ tí orí bá ṣe mí lóore nìkan ni mo sì ń rí i pé. Cat 5e tó kéré jù nínú gbogbo wọn lè gbé mẹ́gábíìtì 1,000 dé mítà 100. Láti pálọ̀ mi dé yàrá ẹ̀yìn kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi Cat 8 ṣe? Gbọ̀ngàn tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà jọ sí rẹpẹtẹ ni wọ́n ṣe é fún, eré tó sì tìtorí rẹ̀ gbówó lórí kì í kọjá mítà 30. Ní ti Cat 7, TIA tó ń ṣòfin wáyà ní Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i rí. Ọmọ náà ní, “Dádì, ẹ má wo ti òní, ẹ wo ọjọ́ ọ̀la.” Ọjọ́ ọ̀la tèmi, owó òní tèmi!

Ká ní nọ́ńbà nìkan ni, ǹ bá gbà f'Ọ́lọ́run. Ohun tó ká mi lára jù ni inú wáyà. Wọ́n á kọ Cat 6 gàdàgbà sí i lára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha irin inú rẹ̀, pupa ojú rẹ̀ á bó, funfun á yọjú. Alumíníọ́mù ni, bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bò ó. CCA ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sí páálí rárá, ibi tí ojú àgbà kò lè kà ni. Bàbà pọ́ńbélé ni òfin fẹ́ kí a tó pe nǹkan ní Cat 6. Ayédèrú yìí tètè ń kán níbi tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ kọ́, kì í sì í rọrùn fún iná láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbé iná fún kámẹ́rà ẹnu géètì, kámẹ́rà á máa kú, á máa jí, wáyà á sì máa gbóná. Wọ́n gbé páálí mítà 305 lé mi lọ́wọ́, ó fúyẹ́ débi pé ọmọ kékeré lè gbé e sáré. Mo ní, “Ṣé bàbà ni?” Ó ní, “Dádì, ojúlówó ni, mo forí mi búra.” Mo ní kó bá mi ha á wò. Ó ní àfi tí mo bá kọ́kọ́ sanwó.

Mo ṣáà ra Cat 6 níkẹyìn. Orí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn, RJ45, ńkọ́? Wáyà Cat 6 sanra ju ti 5e lọ, kì í fẹ́ wọ orí tí wọ́n ṣe fún 5e. Ọ̀gá tó wá ṣiṣẹ́ ń tì í, ó ń làágùn, ó ń bú wáyà. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ni wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì méjì nínú rẹ̀, ìlànà A àti B ni wọ́n sì fi ń tò wọ́n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ewé pààrọ̀ àyè. Kò sí èyí tó sàn jù, kí orí méjèèjì ṣáà bára mu. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ jà lórí rẹ̀ ní pálọ̀ mi, wọ́n jẹun tán, wọ́n tún jà.

Nígbà tí wọ́n gbé tẹ́sítà sí i, iná tàn fún wáyà 1 dé 6, ti 7 àti 8 ṣókùnkùn. Ọ̀gá ní, “Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́.” Irọ́ kọ́. Wáyà mẹ́rin péré ni mẹ́gábíìtì 100 nílò, nítorí náà eré ti já wálẹ̀ láti 1,000, nǹkan ṣì ń lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé pẹ̀lú mẹ́gábíìtì 50 mi, n kò ní ẹ̀rí tí mo fẹ́ fi mú un. Ìyàwó mi tó dúró tì wá ní, “Dádì Bọ́lá, ṣé owó wáyà yìí ò tó ra dátà ọdún kan?”

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ ní kí oníná ri páìpù ọ̀tọ̀ fún wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, kó jìnnà díẹ̀ sí ti iná. Ẹ ra Cat 6 oníbàbà àti orí tó bá a mu. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré dání lọ sọ́jà, ẹni tó bá sì ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó ha á wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.