Aṣojú Ẹ̀yìnkùlé
Ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé kan ní Kabba lóṣù Keje yìí. Onílé kun táyà àlòkù ní pupa, ó gbin òdòdó sínú rẹ̀. Ó ta téèpù kásẹ́ẹ̀tì káàkiri kó máa kọ mànà, ó wá fi igi gbẹ́nàgbẹ́nà gbé ère ọkùnrin kan dúró láàárín àgbàdo kó máa lé ẹ̀gà. Aṣọ ìpolongo ìbò ló wọ̀ fún un, ojú olóṣèlú gàdàgbà láyà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀gà sá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé apá nínà lásán ni, kò sí iṣẹ́ ńbẹ̀. Orí fìlà rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé wọ́ọ̀dù báyìí. Ìyá àgbà kan ń kọjá, ó kí i pé, “Òkun o!” Kò dáhùn. Màmá bá bi wá pé, “Àṣé ó ti wọlé?”