Lẹ́tà Ṣíṣí sí Denis Jenkinson, Èrò Ọkọ̀ Tó Gba Oyè Àgbáyé

Bàbá Jenks,

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1996 tí ẹ ti dágbére fáyé, mo gbà pé etí yín ti sinmi lọ́wọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, irùngbọ̀n yín náà á sì ti bọ́ lọ́wọ́ epo àti eruku. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì nà gbalaja. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì parí.

Ọdún 1949 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé fún àwọn tó ń fi alùpùpù sáré lójú títì. Ẹ̀ka sáídìkà wà nínú rẹ̀: alùpùpù tí wọ́n so pèpéle pẹlẹbẹ kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí pèpéle náà ní táyà tirẹ̀, kí ẹnì kejì lè wà lórí rẹ̀. Eric Oliver, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi alùpùpù Norton gba ipò kìíní. Òun ló ń fún un níná, òun ló ń yí jíà, òun ló ń tẹ bíréèkì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí oyè dé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jẹ ẹ́. Mo wá ń bi yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ìlú wo ni wọ́n ti ń fi èrò ọkọ̀ joyè?

Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni, ǹ bá ní ó ṣèèṣì ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1955, ẹ tún lọ jókòó ti Stirling Moss, awakọ̀ eré ìje, nínú mọ́tò Mercedes 300 SLR tó ní nọ́ńbà 722 lára, nínú ìdíje Mille Miglia ní Ítálì. Ẹ gbéra ní Brescia, ẹ dé Róòmù, ẹ sì padà sí Brescia. Ó tó nǹkan bíi 1,600 kìlómítà. Wákàtí 10, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 48 lẹ fi rìn ín. Ẹ tún borí. Ẹ tún jókòó. Bàbá, irú orí wo gan-an lẹ lọ yàn nílé Àjàlá, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa wakọ̀, tí ẹ̀yin yóò máa bá a gba ife?

Mo ti tú ẹ̀rí wò o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí pèpéle yẹn.

Kò sí tìmùtìmù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bẹ́líìtì tí yóò so èèyàn mọ́lẹ̀. Irin ìdìmú díẹ̀ ló wà, pẹ̀lú aṣọ awọ lára yín àti akoto tó bo àtàrí nìkan. Bí ọ̀nà bá tọ́, ẹ óò dùbúlẹ̀ gbalaja kí atẹ́gùn má bàa rí yín mú. Bí kọ́nà bá yà sí ẹ̀gbẹ́ tí pèpéle wà, táyà kẹta á fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ óò na ara síta tán, tí ìdí yín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá títì, kí ìwúwo yín lè tẹ táyà náà mọ́lẹ̀. Bí kọ́nà bá yà sí òdìkejì, ẹ óò fò dìde, ẹ óò rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn Oliver, ẹ óò fi ara tẹ orí táyà ẹ̀yìn kó má bàa yọ̀. Kí ẹ tó mí, kọ́nà mìíràn ti dé. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí ọlọ́kadà máa ń sọ fún èrò rẹ̀ ni pé kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má mì. Lọ́dọ̀ Oliver, èrò tó bá jókòó jẹ́ẹ́ ló máa pa ẹni méjèèjì.

Ibi tí ẹ sì ti lọ ń ṣe eré yìí kì í ṣe pápá ọmọdé. Inú oṣù Keje ọdún 1949 lẹ borí ní Bremgarten, nínú igbó tó wà lẹ́bàá ìlú Bern ní Switzerland. Kọ́nà ló ń lé kọ́nà níbẹ̀, igi ńláńlá tò sétí títì, kò sì sí ohunkóhun láàárín ẹ̀yin àtàwọn igi náà. Oṣù yẹn kò tíì parí tí ẹ tún fi borí ní Spa-Francorchamps ní Bẹ́ljíọ̀mù, ojú títì tí mọ́tò ń gbà lọ́jọ́ lásán, tí àyíká kan rẹ̀ lé ní kìlómítà 14, tí òjò lè máa rọ̀ lápá kan kí oòrùn máa ràn lápá kejì. Nígbà tí Ercole Frigerio fi alùpùpù Gilera gba ti Monza ní Ítálì nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìdíje mẹ́ta péré ló wà lọ́dún náà, ẹ sì ti kó méjì sápò. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ gun ẹṣin náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ rọ̀ mọ́.

Ọ̀tá yín lè ní kí ni gbogbo ariwo yìí wà fún. Ṣebí Oliver tún gba oyè yìí lọ́dún 1950 àti 1951 pẹ̀lú Lorenzo Dobelli, ó sì gbà á lọ́dún 1953 pẹ̀lú Stanley Dibben? Èrò kan lọ, èrò kan dé, ife ò kúrò nílé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ ti ọdún 1958. Oliver gbé Norton tí wọ́n ń tà fún aráàlú lọ sí ìdíje TT ní Isle of Man, pẹ̀lú sáídìkà tó ní ìjókòó gidi, Pat Wise sì jókòó sínú rẹ̀ bó ṣe yẹ kí èèyàn jókòó. Ipò kẹwàá ni wọ́n ṣe. Lóòótọ́, iṣẹ́ ńlá ni kí alùpùpù ọjà ṣe ipò kẹwàá láàárín àwọn tí wọ́n dìídì ṣe fún eré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi gbè yín lẹ́sẹ̀. Ẹjọ́ kì í dùn láìsí àbùmọ́ díẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ yà lọ́tọ̀ ṣá. Inge Stoll, ọmọ Jámánì, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó díje nínú TT. Lọ́dún 1954, ẹ̀gbẹ́ Jacques Drion ọmọ Faransé ló wà gẹ́gẹ́ bí èrò, wọ́n sì ṣe ipò karùn-ún. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1958, àwọn méjèèjì kú nínú ìdíje ní Brno, ní Czechoslovakia. Ohun tí ipò èrò jẹ́ nìyẹn: èrò kọ́ ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa sáré tó, ṣùgbọ́n bí ewu bá dé, ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in.

Nígbà tí ẹ sì rí ìjókòó gidi nínú mọ́tò Moss, ẹ ò jẹ́ kí ara yín sinmi náà. Ẹ ti rin ọ̀nà náà ṣáájú, ẹ kọ gbogbo kọ́nà àti òkè rẹ̀ sórí ìwé kan tó gùn tó mítà márùn-ún, ẹ ká a sínú àpótí kékeré, ẹ sì ń yí i bí ọ̀nà ṣe ń lọ. Ariwo ò jẹ́ kí Moss gbọ́ ọ̀rọ̀, ọwọ́ lẹ fi ń júwe fún un. Ẹ júwe pé ọ̀nà tọ́ lẹ́yìn òkè tí ojú rẹ̀ ò tó, ó sì gbà yín gbọ́, kò yọ ẹsẹ̀ lórí iná. Èébì gbé yín, ẹ yọ orí síta, atẹ́gùn gba awò ojú yín lọ. Ẹ fa òmíràn yọ lápò, ẹ tún ń yí ìwé. Tá ni kò ní fi irú èrò bẹ́ẹ̀ joyè?

Ìdájọ́ mi wá rèé. Ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, iwájú nìkan ló ráyè wò. Èrò ló ń rí ìrìn àjò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kálàmù yín, nínú ìwé ìròyìn Motor Sport ti oṣù Kẹfà ọdún 1955, la fi mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí nínú mọ́tò náà. Kí àwọn tó ń kọ orúkọ Oliver nìkan sínú àkójọ àwọn ọ̀gá àgbáyé wá àyè sí i fún tiyín.

Ẹ̀bi kan ṣoṣo ni mo dá yín: ẹ rọra kọ ọ́ débi pé èèyàn lè rò pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ìtanràn yín ni pé bí Oliver bá tún gbé Norton rẹ̀ jáde níbẹ̀ yẹn, kí ẹ gba ọwọ́ alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun náà lọ sórí pèpéle, kó gùn ún yí Bremgarten ká lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ẹ má sì dẹ iná fún un ní kọ́nà o.

Èmi ni tiyín tòótọ́, tí n kò ní bá ìkankan nínú yín gùn ún.