Ọkọ̀ Òfurufú Kò Jẹ̀bi

Bí ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun bá wọlé, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń tẹ̀lé "ẹ kú ilé": ó ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà sì jìn. Ará ilé á ní "pẹ̀lẹ́ o", wọ́n á gbé omi kaná fún ìwẹ̀, gbogbo wọn á sì gbà pé ọkọ̀ òfurufú ló jẹ́ kí ojú ọmọ wọn rí màbo. Èmi náà wà lára àwọn tó ń gba "pẹ̀lẹ́" yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ sí mi. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi tú àṣírí ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń tòkè òkun bọ̀ wálé: àárẹ̀ tí à ń gbé wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀nà. Àfọwọ́fà ni. Ọwọ́ wa la fi dì í, a gbé e sórí òṣùwọ̀n, a sanwó lé e, a sì tì í títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá wa, kí a tó wá fẹjọ́ ẹni tó wa ọkọ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi aago léèrè. Láti London sí Èkó, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni lójú òfurufú. Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti CMS lọ sí Sango-Ọ̀tà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ tí òjò rọ̀ mọ̀ pé jíjókòó pẹ́ sójú kan kì í ṣe ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ké gbàjarè. Nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá ọ níjòókòó, kò sí ẹni tó máa gbé àgbébọ̀ adìyẹ lé ọ lẹ́sẹ̀, kọ̀ńdọ́ kò sì ní dá ọ dúró torí ṣéńjì. Èyí tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni "jet lag" tí à ń dárúkọ. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, ohun kan náà ni aago London àti ti Èkó ń sọ. Nígbà òtútù ńkọ́? Wákàtí kan péré ni. Síbẹ̀, irú wa tó ti London dé nínú oṣù Keje á sùn di ọ̀sán gangan, á ní aago ara òun ti dàrú. Aago tí kò kúrò lójú kan, ta ló dà á rú?

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá jíjìn ọ̀nà ló ń pani, ẹ wo àwọn tó rìn jù wá lọ. Láti ọdún 1951 títí di 1974, ọkọ̀ ojú omi Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ń ná Ìlú Ọba àti Èkó. Láti Liverpool, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni, tí ọkọ̀ á máa yà ní irú ibi bíi Las Palmas àti Freetown kí ó tó fi orí lé Apapa. Ọjọ́ mẹ́tàlá jẹ́ wákàtí 312, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 48 ti ọkọ̀ òfurufú. Bó bá jẹ́ pé ìrìn gígùn ló ń sọ èèyàn di ẹdun arinlẹ̀, òkú ni ì bá máa sọ̀ ní Apapa. Ṣùgbọ́n kóòtù àti fìlà ni àwọn lọ́yà àti dókítà ìgbà náà fi ń sọ̀ kalẹ̀, táì wọn gún régé. Ẹ máa sọ pé wọ́n rí ibùsùn sùn lé, pé afẹ́fẹ́ òkun sì tù wọ́n lára. Mo gbà. Àmọ́ ohun mìíràn wà tí wọ́n ní tí àwa kò ní: àpótí wọn wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, alárù ló gbé e wọ̀, alárù ló sì máa gbé e sọ̀. Ẹrù ni wọ́n ní, wọn kò di aláàárù ara wọn.

Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń ná Nàìjíríà máa ń gbà wá láyè báàgì méjì, kílò 23 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò 46 nìyẹn. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ní Nàìjíríà jẹ́ kílò 50. Kò sí ẹni tó máa gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì láti Peckham dé Àkúrẹ́ tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú wa kì í dúró síbẹ̀. A ka kílò 46 sí ibi tí à ń bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń tẹ́ báàgì sílẹ̀ níwájú kóńtà, tí a ń yọ bàtà nínú èyí fi sínú ìyẹn, tí gbogbo èrò tó wà lórí ìlà sì ń wo àwọ̀tẹ́lẹ̀ wa. Èyí tí kò bá wọ báàgì, ara wa á wọ̀ ọ́: ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ṣòkòtò méjì, kóòtù òtútù tí àpò rẹ̀ kún fún ṣájà àti fóònù. A wá rò pé a ti rẹ́ òyìnbó jẹ, bí ẹni pé ọkọ̀ tó ń gbé báàgì kọ́ ló ń gbé èèyàn tó wọ ẹrù sọ́rùn. Kóòtù yẹn la ó ṣì wọ̀ jáde sínú oòrùn Ìkẹjà, nítorí kò sí ọwọ́ tó ṣófo láti fi bọ́ ọ. Ti ìpara ńkọ́? Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú pé ohun tó ń ṣàn tàbí ìpara tó ju mílílítà 100 lọ kì í bá èrò wọkọ̀ lọ́wọ́. Ó yà wá lẹ́nu lọ́dún yẹn, ó sì ṣì ń yà wá lẹ́nu títí dòní.

Lẹ́yìn ẹrù ni tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà ní a kì í gbé sàráà kọjá mọ́sálásí, ṣùgbọ́n àwa máa ń gbé ara wa kọjá ilé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Houston sí Èkó á ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Doha nítorí pé ó dínwó díẹ̀. Aago Doha fi wákàtí méjì ṣíwájú ti Èkó, èyí tó túmọ̀ sí pé onítọ̀hún ti fo kọjá Áfíríkà lọ sí ìlà-oòrùn, ó jókòó sórí àga irin fún wákàtí mélòó kan níbẹ̀, kí ó tó yí padà bọ̀ wá sí ìwọ̀-oòrùn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwá owó tó dínkù, àìrówó kì í ṣe ẹ̀gàn. Ohun tí kò bójú mu nínú ìṣírò wa ni pé owó tí a fi ìyà ọjọ́ kan gbáko yọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kóńtà la ti ń dá a padà fún wọn ní orúkọ owó àlékún ẹrù. Owó ò dínkù, wákàtí ló pọ̀ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà á ti máa bínú. Wọ́n á ní ti àwọn yàtọ̀ sí ti London, òótọ́ sì ni. New York fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn Èkó, Houston mẹ́fà tàbí méje. Àwọn tó mọ̀ nípa oorun sọ pé ara máa ń nílò nǹkan bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá yàtọ̀, pé ìrìn tó forí lé ìlà-oòrùn ló sì le jù. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà gbẹ, ó sì fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga ní mítà 1,800 sí 2,400, nígbà tí Jos tí à ń pè ní ìlú òkè kò ju nǹkan bíi mítà 1,200 lọ. N kò jiyàn gbogbo èyí. Àmọ́ bí a bá mọ̀ pé ara á gba bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó wálẹ̀, kí ló dé tí a fi ń balẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́, tí a sì ti ránṣọ ẹgbẹ́jọdá fún òwàǹbẹ̀ ọjọ́ Sátidé? Ọkọ̀ òfurufú kọ́ ló mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwa la mú ọjọ́ ìrìn, àwa la sì kọ̀ láti fi ọjọ́ méjì sí i, torí a fẹ́ kí wọ́n rí wa lórí ijó kí omi ojú ọ̀nà tó gbẹ lára wa.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àṣà. Wọ́n á ní ọmọlúwàbí kì í ti àjò dé lọ́wọ́ òfo, pé ẹni tí kò bá mú nǹkan bọ̀ ti gbàgbé ilé. Èmi náà kò fẹ́ ká dé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n àárín òfo àti àpò sìmẹ́ǹtì, àyè wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí a bá pín kílò 46 fún ọgbọ̀n èèyàn, kò sì sí agboolé tí mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò ò pé ọgbọ̀n, kílò kan ààbọ̀ ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n á bínú, ẹni tó gba ọṣẹ á sì máa wo ẹni tó gba bàtà. Bí a bá gbé ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì èèyàn ló máa gbọ́ pé a ti dé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń rù bọ̀, ọjà Balógun, àti Computer Village ní Ìkẹjà, ń tà á. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti ìtọ́jú ilé, owó ni ilé ń jẹ: bíi bílíọ̀nù ogún dọ́là ni Báńkì Àgbáyé kà pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún 2023. Owó yẹn kọjá lójú òfurufú láìjókòó sí Doha, kò sì sí kóńtà tó wọ̀n ọ́n ní kílò.

Ẹlòmíì á ní àwọn òṣìṣẹ́ ibodè ló ń tán òun lókun pẹ̀lú ìbéèrè àti "ẹ kú ọ̀sẹ̀ o". Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí wọ́n ń kí. Ẹni tó fa báàgì kékeré kan máa ń kọjá kí wọ́n tó ronú ohun tí wọ́n á bi í. Ẹni tó ń ti tírólì méjì, tí òkè ẹrù bo ojú rẹ̀, ti kọ ìdáhùn sára kí wọ́n tó béèrè. Òun náà ló sì máa dúró pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ tó ń yí ẹrù po, tó máa ṣi báàgì ẹlòmíì gbé nítorí pé dúdú ni gbogbo báàgì.

Bí gbogbo èyí bá hàn kedere tó báyìí, kí ló dé tí irú wa ò yí padà? Mo rò pé ìtìjú ni. A ń bẹ̀rù pé bí a bá fi báàgì kan ṣoṣo wọ àdúgbò, tí ara wa yá gágá, wọ́n á rọra bi ara wọn bóyá wọ́n dá wa padà láti òkè òkun ni. Ẹrù di ìwé ẹ̀rí pé ibẹ̀ san wá, àárẹ̀ sì di òǹtẹ̀ tí a lù ú. A ń fi kílò dáhùn ìbéèrè tí ìyá wa kò bi wá. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó sún mọ́ wa ti mọ ìdáhùn tipẹ́. Ẹni tó ń san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ ní sáà dé sáà, tó sì ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá rẹ̀ lóṣooṣù, kò nílò ṣokoléètì tó ti yọ́ nínú kóòtù kó tó fi hàn pé òun ò fi òkè òkun ṣeré. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi báàgì kan wọlé ní ọ̀sán gangan, kó jẹun, kó sì jókòó ti àwọn òbí rẹ̀ láìtòògbé. Bí aládùúgbò bá sì ní wọ́n dá a padà ni, ẹ jẹ́ kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní gba kílò kan ààbọ̀ tiẹ̀.