Kíbọ́ọ̀dù Ọlọ́kọ Márùn-ún

Ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ n jókòó. Ìyá Rísì, ẹ bá mi na àpótí yẹn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Houston o, kó má di pé mo ń ṣòfófó. Èmi kì í ṣòfófó. Ohun tí mo bá rí ni mò ń sọ. Èyí tí n ò bá rí, mo máa ń bi ẹni tó rí i.

Ọdún 2010 ni. Ọmọ mi bímọ, mo lọ bá a wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òtútù ló wà káàkiri Amẹ́ríkà, ẹ ní kó lọ sí Houston lóṣù kẹjọ. Òógùn ò jẹ́ kí n mọ ìgbà tí mo wẹ̀. Nínú ilé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́, èmi ń da ìró bora bí ẹni tí ibà dè mọ́lẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni kì í tutù níbẹ̀, yàrá Akin, ọmọ ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Tí ẹ bá ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kọjá, ooru á kí yín. Mo bi ara mi léèrè: kí ni ọmọ yìí ń sè?

Lóru ọjọ́ kan, mò ń gbé omi gbígbóná lọ fún ìyá ọmọ, mo rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo yọjú. Kọ̀ǹpútà márùn-ún! Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìkòkò ọlọ́bẹ̀, gbogbo wọn ń tàn yànrànyanran, ọmọ jókòó sáàárín wọn, ó fi nǹkan dí etí. Àyà mi já. Mo ní ọmọ Yahoo ti wọlé wa. Ṣé ẹ rántí ọmọkùnrin tó ń gbé lẹ́yìn ilé ẹlẹ́ran? Kọ̀ǹpútà kan péré ló ní tó fi ra mọ́tò. Ẹni tó ní márùn-ún wá ńkọ́? N ò lè sùn mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo sì fi sétí ìyá ẹ̀.

Ìyá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, géèmù ni.”

Géèmù! Ẹnì kan, kọ̀ǹpútà márùn-ún? Ṣé ọwọ́ mẹ́wàá ló ní?

Akin fúnra ẹ̀ ló fà mí jókòó. World of Warcraft lorúkọ géèmù náà, ó ti wà láti 2004. Àwọn ihò kan wà nínú ẹ̀ tí ẹni márùn-ún jọ ń wọ̀ lọ jagun: ẹnì kan á máa fara gba ìyà, ẹnì kan á máa wo ọgbẹ́, àwọn mẹ́ta tó kù á máa lu ohun abàmì tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin lèèyàn ń wá mọ́ra. Àwọn tí Akin ń rí, tí ìjà bá gbóná tán, wọ́n á ní ìyá àwọn ń pe àwọn wá jẹun. Ó sú u. Ó ní òun nìkan á di àwọn márààrún. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n kó jáde ní ọ́fíìsì kan, ìdí nìyẹn tí yàrá fi gbóná. Orí kọ̀ọ̀kan ń san dọ́là 14.99 lóṣù, àpapọ̀ 74.95. Dọ́là kan ò jìnnà sí 150 náírà nígbà yẹn, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá! Nílé níbí nígbà yẹn, owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba fi lélẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń gé koríko fún aládùúgbò ni o. N ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Obìnrin olóòótọ́ ni kíbọ́ọ̀dù. Wáyà kan, ọkọ kan. Kọ̀ǹpútà tó bá wọlé tọ̀ lọ, òun nìkan ló ń gbọ́ tiẹ̀. Akin kọ́kọ́ ra àpótí kan tó dà bíi changeover ara ògiri wa yìí: tó bá wà ní NEPA, kò sí ní jẹ́ẹ̀nì. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tó fi yí àpótí sí kọ̀ǹpútà kejì. Ti àkọ́kọ́ ò gbọ́ pé ọwọ́ ti kúrò. Ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀ ń rìn lọ ni, ó rìn wọ odò.

Ló bá wá àpótí mìíràn, èmi ń pe ìyẹn ní alárenà. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí á bèèrè pé, “Kíbọ́ọ̀dù mi dà?” Alárenà á ní, “Ó wà nílé, ẹ fọkàn balẹ̀.” Ohun kan náà ló ń sọ fún àwọn márààrún. Tí Akin bá tẹ bọ́tìnnì ẹyọ kan, gbogbo ọkọ ló gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun lórogún. Ṣadé, yé rẹ́rìn-ín, n ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ là ń bá gbogbo ilé sọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ìrìn, àwọn márààrún gbéra, ibi tí oníkálùkù kọjú sí ló gbà lọ! Ọ̀kan ń kan òkúta, ọ̀kan ń bẹ́ sí kòtò. Ó wá pín in. Kíbọ́ọ̀dù ńlá jẹ́ ti olórí nìkan, òun ló ń rìn, wọ́n ti ní kí àwọn yòókù máa tẹ̀ lé e. Kíbọ́ọ̀dù kékeré kan, X-keys, tí wọ́n ń ṣe ní Michigan, ló wá ń gba ọ̀dọ̀ alárenà kọjá. Ohun tí ẹ bá kọ́ bọ́tìnnì ìyẹn, kì í gbàgbé.

Bọ́tìnnì kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀tọ̀. Ẹ wo Bàbá onílé wa. Tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ẹnu géètì, ìyàwó àgbà á bu omi, kékeré á de ìkòkò, àwọn ọmọ á pa tẹlifíṣọ̀n, èmi á sì rántí pé mo jẹ gbèsè owó iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Akin tẹ “1”: olórí gbá ohun abàmì, oníṣègùn da oògùn sí olórí lára, àwọn mẹ́ta wo ibi tí olórí ń gbá, wọ́n dà bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi to nǹkan wọ̀nyẹn síbi tí nọ́ńbà wọn á fi bára mu. Láyé ìsinsìnyí, wọn ò gbà á láàyè mọ́. Ní oṣù kọkànlá 2020, àwọn tó ni géèmù kéde pé àwọn á fìyà jẹ ẹni tó bá ń lo ètò tó ń pín ìtẹ̀ kan fún ọ̀pọ̀. Akin ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, kò dùn ún.

Orí bọ́tìnnì X-keys dà bíi gíláàsì, èèyàn lè ki ìwé pélébé sábẹ́ ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ ní Yorùbá. “Gbá a.” “Tẹ̀ lé mi.” “Wò ó sàn.” Ọmọ tí kò lè sọ “ẹ kú àárọ̀” tó já gaara ń ké “Wò ó sàn!” lóru.

Ọjọ́ kan, mò ń nu tábìlì rẹ̀. Ẹ mọ ọwọ́ mi, eruku ò gbọdọ̀ bá mi gbé. Wáyà kan yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ìkẹyìn, ẹnu ẹ̀ rí roboto, aláwọ̀ àlùkò, ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́fà wà nínú ẹ̀. Mo tì í padà. Kò wọlé. Mo fi agbára díẹ̀ kún un. Ó wọlé. N ò rí ìdí tí mo fi máa sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́, Akin pè mí, ó ní òun ṣe nǹkan fún mi. Bọ́tìnnì tuntun, ó kọ “Màmá” sí i. Tí n bá tẹ̀ ẹ́, àwọn márààrún á kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní àwọn ọkùnrin ńkọ́, ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ ni? Ó ní géèmù ò mọ ìdọ̀bálẹ̀, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni kí wọ́n sùn. Mo ní kí wọ́n máa kúnlẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mẹ́rin kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìkarùn-ún dúró gbọnrangandan, ó ń wo ojú mi.

Akin bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Mo ní, “Gbọ́, ọmọ tuntun ń ké,” mo sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọmọ ò ké.